Láti Ọnà Lílé Dé Fínfín: Òṣùwọ̀n Agbẹ́gilére Yorùbá fún Fíìmù Ọmọlańgidi Ọdún Kérésìmesì

Ìfáàrà

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí olùkọ́ ní Bódìjà, Agbowó tàbí Challenge fi fíìmù han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí ọdún Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àmọ́, a ṣe àkíyèsí pé ibi tí fíìmù bá parí sí náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Àwọn ọmọ a gbà pé ẹ̀rọ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Wọn kì í rí ọwọ́ tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Èrò wa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni fíìmù ọmọlańgidi, àti pé a lè fi òṣùwọ̀n àwọn agbẹ́gilére Yorùbá gbé e yẹ̀ wò. The Nightmare Before Christmas, tí Henry Selick darí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìtàn Jack ni, ọba ìlú tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídẹ́rù ba ènìyàn, tó fẹ́ gba ọdún Kérésìmesì ṣe, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò ká a.

Òṣùwọ̀n Agbẹ́gilére

Ní ilé ìjọsìn Kátólíìkì tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ní òdìkejì Agbowó, ni ilẹ̀kùn tí olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ gbẹ́ wà. Ìpele mẹ́rin ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ọnà lílé ni yíyọ ìrísí ńlá jáde lára igi; alétúnlé ni pípín ìrísí náà sí ojú, etí àti ọwọ́; dídán ni mímú kí ara ère jọ̀lọ̀; fínfín sì ni kíkọ ọnà wẹ́wẹ́ sí i lára.

Àtúpalẹ̀

Egungun irin olóríkèé tó wà nínú ọmọlańgidi ni ọnà lílé fíìmù yìí. Láìsí i, Jack kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Alétúnlé hàn lójú rẹ̀. Jack kò ní ẹyinjú. Nítorí náà, nǹkan bí 400 orí ni wọ́n ṣe fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìrísí ẹnu tàbí ìṣesí kan. Ti Sally yàtọ̀: ìbòjú nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, kí irun rẹ̀ gígùn má baà dàrú. Ní ti fínfín, wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ sára ilé àti ilẹ̀ ìlú Jack kí ó lè jọ àwòrán tí a fi kálámù yà.

Dídán ló ṣòro jù. Ère onígi kì í rìn, ṣùgbọ́n ti fíìmù gbọ́dọ̀ rìn. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òṣìṣẹ́ a sún apá ère díẹ̀, a ya àwòrán, a tún sún un. Ìṣẹ́jú 76 ni fíìmù yìí. Èyí lé ní àwòrán 109,000, ó sì gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta. Agbẹ́gilére lè padà fá ibi tí kò dán. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kọlu ère láàárín ìran, ó lè di dandan láti tún ìran náà bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín ni òṣùwọ̀n wa ti nílò àfikún: yàtọ̀ sí dídán ara ère, dídán ìrìn rẹ̀ wà.

Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, fi ọmọlańgidi sọ ìtàn àtayébáyé nínú Samba le Grand ní ọdún 1977. Olùkọ́ náà lè fi amọ̀ àti fóònù kan dán an wò. Àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yóò gba 60. Kí fóònù dúró sójú kan, kí wọ́n sì lo àtùpà dípò oòrùn, nítorí bí oòrùn ṣe ń yí ni òjìji ère ń yí.

Ìgúnlẹ̀

Ọmọ tó bá ti sún ère amọ̀ nígbà 60 kí ó tó dé etí tábìlì kò tún ní sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Bí a bá sì fi orúkọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ, yóò mọ ohun tó ń wò nígbà tó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn Fákẹ́yẹ. Bí a kò bá fi kọ́ ọ, àwọn agbẹ́gilére nìkan ni yóò mọ àwọn orúkọ náà, wọn yóò sì bá wọn lọ.