Lẹ́yìn Abiola Babes, ta ni yóò tún gbé ife náà wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn?

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Mówè, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ìjókòó á ti kún, àwọn tí ò ráyè á máa yọjú lójú fèrèsé, ariwo Arsenal lọ́tùn-ún, ariwo Chelsea lósì. Ọmọkùnrin tí ò tíì ju ọdún 15 lọ á máa ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ tiẹ̀ ti gba FA Cup àwọn òyìnbó, bí ẹni ń ka oríkì bàbá ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè pé irú ife yẹn tó jẹ́ ti Nàìjíríà ńkọ́, ọdún wo ni ẹgbẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ Ògùn gbà á kẹ́yìn? Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu ni.

Kò jẹ̀bi. Ọdún 1987 ni, wọn ò tíì bí i nígbà náà. Láti ọdún ọ̀hún títí di 2025, kò sí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn kankan tó tún gbé ife náà. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ọwọ́ wọn ò kàn án rí o, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbà á láàárín ọdún mẹ́ta. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìtàn rẹ̀ rèé láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÈKÓ LÓ KỌ́KỌ́ NI ÍN

Ọdún 1945 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Kó tó dìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ Èkó ló máa ń bá ara wọn wọ̀yá ìjà lórí ife kan tí wọ́n ń pè ní War Memorial Cup. Ní 1945 ni wọ́n wá gbé Governor's Cup kalẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo Nàìjíríà máa du ú. Marine, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Orúkọ ife náà ti wá yí padà bí orúkọ àbíkú: ó jẹ́ FA Cup, ó jẹ́ Challenge Cup, ó jẹ́ Federation Cup, ó di Aiteo Cup ní 2017, kó tó tún di President Federation Cup. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ dá gbogbo ìyẹn mọ̀, Challenge Cup ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn Marine, àwọn Railway ló kù tó ń fi ife náà mumi. Ẹ̀ẹ̀meje ni Lagos Railways gbà á láàárín 1946 sí 1964. Nínú ẹgbẹ́ wọn ni Teslim Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, ti gbayì, kó tó di pé ó rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó, tó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní London. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè dòní olónìí.

Ó yẹ kí ìtàn Railway yìí wọ ará Ifọ̀ létí ju ẹlòmíì lọ, nítorí ìlú reluwé ni Ifọ̀. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà ni ẹ̀ka tó lọ sí Ìláròó àti Ìdógò ti yà. Àmọ́ iṣẹ́ oṣù ni àwọn ẹgbẹ́ ìgbà náà fi ń fa agbábọ́ọ̀lù mọ́ra. Reluwé ní ẹgbẹ́, ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́, báǹkì ní ẹgbẹ́, àwọn ECN tó ń pín iná mànàmáná náà ní. Èkó sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ọkọ̀ Èkó ló ń wọ̀.

ỌMỌ ABẸ́ÒKÚTA, ÒGO ÌBÀDÀN

Nígbà tó di 1953, Kano gba ife náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ará Èkó. Calabar gbà á ní 1954, Port Harcourt gbà á ní 1955. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé lóòótọ́ ni ife náà kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ìbàdàn náà bọ́ sójú agbo ní 1959 nígbà tí Ibadan Lions gbà á. Àwọn WNDC Ìbàdàn gbà á ní 1969 àti 1971, àwọn yìí náà ló padà di IICC Shooting Stars, tí wọ́n gba ife àwọn olúborí ní Áfíríkà ní 1976, lẹ́yìn tí wọ́n na Tonnerre Yaoundé ti Cameroon.

Ẹ wá wo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Ìbàdàn yẹn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀, Mudaṣírù Lawal, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Muda, wà níbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1980, tí wọ́n fi góòlù 3 sí òdo na Algeria l'Ékòó, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda gbá ẹyọ kan. Ọmọ Abẹ́òkúta méjì ló gbá gbogbo rẹ̀! Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti lọ di ènìyàn, torí kò sí ẹgbẹ́ ńlá kankan nílé tó lè gbà wọ́n.

ABÍỌ́LÁ DÉ

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun yọ ìpínlẹ̀ Ògùn lára ìpínlẹ̀ West. Ìpínlẹ̀ wà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó lè kojú Rangers Enugu àti Bendel Insurance ni ò sí. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló dìde, tó fi owó ara rẹ̀ gbé Abiola Babes kalẹ̀. Muda Lawal náà padà wálé wá bá wọn gbá.

Láàárín ọdún mẹ́rin, ife náà ò jìnnà sílé. Leventis United ti Ìbàdàn gbà á ní 1984, Abiola Babes gbà á ní 1985. Leventis tún gbà á padà ní 1986, Abiola Babes ní irọ́ ni, wọ́n tún gbà á ní 1987. Bí ẹ bá wà l'Abẹ́òkúta nígbà náà, ẹ ò ní nílò ẹni tó máa sọ fún yín bí ìdùnnú ọ̀hún ṣe rí.

Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan. Iléeṣẹ́ ọlọ́jà ló ni Leventis, olówó kan ló ni Abiola Babes. Àwọn Leventis tú ẹgbẹ́ tiwọn ká kí ọdún 1990 tó dé. Abiola Babes ò tún gba ife náà mọ́ lẹ́yìn 1987. Nígbà tó yá, olówó ẹgbẹ́ kó sí wàhálà òṣèlú tí gbogbo ayé mọ̀: ìdìbò June 12 ní 1993, àtìmọ́lé ní 1994, ikú ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1998. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ò sí nínú líìgì àgbà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àwọn Yorùbá ti wí i tipẹ́.

ILẸ̀KÙN ṢÌ ṢÍ SÍLẸ̀

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ife yìí yàtọ̀ sí líìgì. Nínú líìgì, ọdún gbọọrọ ni ẹgbẹ́ kékeré fi ń pọ́n àkàsọ̀ kó tó dé òkè. Ti ife ò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ náà lè wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ méjì tó bá gòkè jù ni ìpínlẹ̀ á fà kalẹ̀, wọ́n á lọ bá àwọn ti ìpínlẹ̀ yòókù àti Àbújá. Ẹgbẹ́ 64 ni wọ́n á kù sí, ẹni tí wọ́n bá sì ti nà ti ń relé nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á yóò ṣojú Nàìjíríà nínú Confederation Cup Áfíríkà.

Ṣé ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe é? Wọ́n ti ṣe é. Ní 2021, Bayelsa United ò sí nínú líìgì àgbà nígbà tí wọ́n fi pẹnáríti na Nasarawa United, tí wọ́n gbé ife lọ. Ní 2025, Abakaliki FC tí kò sí nínú líìgì àgbà bákan náà rìn dé àṣekágbá, pẹnáríti ni Kwara United fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ò sùn o. Remo Stars ti Ìkẹ́nẹ́, tí Kúnlé Ṣónámẹ̀ dá sílẹ̀, ṣe ipò kejì nínú líìgì ní 2023 àti 2024, kí wọ́n tó gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó bá ṣe é yẹ ní kíkí. Síbẹ̀, owó ẹni kan náà ló tún gbé e ró. Ife tí Abiola Babes gbé ní 1987 ni wọn ò tíì rí gbé.

TA LÓ Ń TA PÁPÁ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Mówè, Ìbafò àti Ifọ̀ rèé. Àwọn tí owó ilé lé kúrò l'Ékòó ti kún àdúgbò wọ̀nyí fọ́fọ́. Bàbá ń jí jáde láago mẹ́rin ìdájí torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí márosẹ̀, ọmọ ń ti ilé ìwé dé, ó ń wá ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ò wọ́n, ọmọ ò wọ́n. Pápá ló wọ́n. Ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù lésìí, ẹ padà débẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ ó bá búlọ́ọ̀kù àti yanrìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye gùn ní mítà 105, ó fẹ̀ ní mítà 68. Tí ẹ bá fi plọ́ọ̀tì 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 wọ̀n ọ́n, bíi plọ́ọ̀tì 11 ni. Ẹni kan, plọ́ọ̀tì kan! Kò sí ọmọ onílẹ̀ tí yóò gbójú fo plọ́ọ̀tì 11 láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀. Ta ló yẹ kó bá a sọ ọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Òwódé ni fún ti Mówè àti Ìbafò, ti Ifọ̀ ni fún Ifọ̀. Àwọn ọba àti baálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ onílé náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń dáwó géètì àti ti tiransífọ́mà. Àwọn tó lè dáwó fún iná lè dáwó fún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kan.

Olówó kan ṣe tiẹ̀, ó lọ. Òmíràn ń ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìkẹ́nẹ́. Ṣùgbọ́n Muda Lawal mìíràn lè wà ní Ifọ̀ báyìí, kó máa fi bọ́ọ̀lù gbá ògiri ilé onílé. Kí ọmọ onílẹ̀ tó ta plọ́ọ̀tì tó kàn, ẹ yára bá a sọ ti 11 yẹn.