Igbó lẹ́yìnkùlé Ajíbọ́dẹ: ẹyẹ ń gbé ibẹ̀, owó náà wà níbẹ̀

Ilẹ̀ ti di wúrà ní Ajíbọ́dẹ, n'Ìbàdàn. Bí onílẹ̀ bá ti rí oníbàárà, igi ló kọ́kọ́ ń gé. Ṣùgbọ́n nítòsí ibẹ̀ ni IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, ti fi nǹkan bíi hẹ́kítà 350 sílẹ̀ fún igbó nínú hẹ́kítà 1,000 tó wà níkàáwọ́ wọn.

Nínú igbó yìí ni ẹyẹ kan wà, ẹbí ẹ̀gà, olórí pupa, abara dúdú. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ lọ́dún 1958. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, bí igbó sì ṣe ń tán ni òun náà ń dín kù.

Onílẹ̀ kékeré náà lè ṣe tirẹ̀. Ẹ dá ìrókò àti arère sí, ẹ má já gbogbo ìtàkùn ara wọn, torí ibẹ̀ ni ẹyẹ ti ń wá kòkòrò jẹ. Ẹ má dáná sungbó. Igi gbígbẹ tí kò sún mọ́ ilé, ẹ jẹ́ kó dúró. Inú ihò rẹ̀ ni ẹyẹ akókó ń yé sí.

Lábẹ́ ibòji yìí kan náà ni ewé eéran tí àwọn onímọ́ínmọ́ín ń rà ti ń hù. Ìgbín ń gbé ibẹ̀, ilé oyin náà ń gbà á. Owó ilẹ̀ títà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ti ewé àti oyin, ọdọọdún ni.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí aládùúgbò mẹ́ta fi igi ààlà wọn sílẹ̀, kí igbó wọn lè so pọ̀.