Omi tí ó Wà Níwájú Túùbù

Nígbà tí àwòrán inú pròjẹ́kítọ̀ àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yára dá ni pé túùbù ti gbó. Wọn a tú u, wọn a jù ú sí ààtàn, wọn a sì máa wá òmíràn kiri. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ́gbọ́n wá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ bí Barco ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Sony ní Jàpáànì, tí wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ yìí láyé ọjọ́un, kò ṣe é mọ́. Inú ẹ̀rọ mìíràn tí ó ti kú ni a ti ń wá arọ́pò túùbù lónìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe túùbù ni ó ń ṣàìsàn. Omi tí ó wà níwájú rẹ̀ ni. Ẹni tí dígí àtùpà rẹ̀ bá dúdú fún èéfín kì í ju àtùpà nù. Dígí ni í nù.

Kí ni omi ń ṣe nínú ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná? Túùbù mẹ́ta ni ó wà nínú irú pròjẹ́kítọ̀ yìí: ọ̀kan fún àwọ̀ pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ búlúù. Ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ínṣì 7 sí 9, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò bo aṣọ àwòrán tí ó lè tó 100 ínṣì láti igun dé igun. Bí àwòrán ínṣì 5 bá di ti 100 ínṣì, òró rẹ̀ di ìlọ́po 20, ìbú rẹ̀ di ìlọ́po 20, àyè tí ìmọ́lẹ̀ kan náà yóò tàn dé sì di ìlọ́po 400. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, iná tí ó lè lé ní 30,000 fóólítì ni ó ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ kọlu fọ́sífọ̀, ìyẹn ohun tí ń tàn tí wọ́n fi kun inú dígí túùbù. Díẹ̀ nínú agbára yìí ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù a di ooru. Bí fọ́sífọ̀ bá gbóná jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a dín kù. Bí àárín dígí bá gbóná tí etí rẹ̀ sì tutù, dígí lè sán.

Fáànù nìkan kò ká a. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ìyẹ̀wù alumíníọ̀mù kékeré kan sí iwájú túùbù, tí wọ́n sì bu àdàlù ethylene glycol àti gílísíríìnì kún un. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀, kò sí ẹ̀rọ tí ń fa omi náà kiri. Èyí tí ó gbóná a gòkè, èyí tí ó tutù a sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi inú ìkòkò orí iná, ooru a sì ti ara omi bọ́ sí ara alumíníọ̀mù.

Iṣẹ́ kejì omi náà ni àwọn atúnṣe máa ń gbàgbé. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí túùbù bá mú jáde, inú omi yìí ni ó ń gbà kọjá. Nínú àwọn ẹ̀yà kan, dígí tí ó kẹ́yìn lára lẹ́ńsì gan-an ni ògiri ìyẹ̀wù náà, omi sì di ara lẹ́ńsì pátápátá.

Láti mọ ibi tí àrùn wà, kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a wá tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá ti bàjẹ́, a ó rí i bí ìkùukùu, tàbí kí a rí èébu bí òwú, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú yóò máa tàn yíká bí iná ọkọ̀ nínú ọyẹ́. Túùbù tí ó gbó ní tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí àwòrán máa ń wà ni yóò ti ṣókùnkùn, tí etí rẹ̀ yóò sì mọ́. Nígbà mìíràn lẹ́tà tí ó pẹ́ lójú kan a fi àpá sílẹ̀ síbẹ̀.

Pípààrọ̀ omi kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Iná lè wà nínú túùbù fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ, òfìfo inú rẹ̀ sì lè mú kí ó fọ́ yángá bí a bá gbá a. Ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ yóò da omi àtijọ́ jáde, yóò fi omi tí a sè di ooru tí a sì mú padà di omi ṣan inú ìyẹ̀wù, yóò fi aṣọ tí kì í ha dígí nù ún, yóò sì fi òrùka rọ́bà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Òrùka gbígbó ni ó sábà máa ń jẹ́ kí omi jò. Omi tí ó bá sì kán sórí pátákó wáyà lè mú kí iná gba ibi tí kò yẹ.

Ìdẹwò kan wà: omi aláwọ̀ ewé tí àwọn mẹkáníìkì ń bù sínú rẹdiétọ̀ ọkọ̀. Lóòótọ́, glycol wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n aró àti oògùn ìpata tí wọ́n pò mọ́ ọn yóò ba àwọ̀ àwòrán jẹ́, pàápàá ti túùbù pupa. Àdàlù tí olùṣe ẹ̀rọ sọ nìkan ni kí a lò. Kí a rọra fi sírìnjì bù ú, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún omi láti wú nígbà tí ó bá gbóná, àfi bí ìyẹ̀wù náà bá ní àpò rọ́bà tí ń gba wíwú rẹ̀.

Ethylene glycol dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́. A kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, níbi tí ọmọdé lè ti mú un mu, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ dà á sílẹ̀ níbi tí ajá lè ti lá a.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, kí a gbé túùbù lé e fún odidi ọjọ́ kan. Bí ẹ̀kán omi kan péré bá hàn lórí bébà náà, kí a tún òrùka rọ́bà wò kí a tó dá túùbù padà sínú ẹ̀rọ.