Sípíkà Orí Pẹpẹ àti Sípíkà Ìdúró-nílẹ̀: Ipa tí Yàrá Ń Kó nínú Yíyàn Láàrin Wọn

1.0 Ìfáárà

Ète pépà yìí ni láti ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí olùgbọ́ gbé yẹ̀ wò kí ó tó yàn láàrin oríṣi sípíkà méjì tí wọ́n ń lò nínú ilé. Èkíní ni èyí tí ó kéré, tí wọ́n ń gbé ka orí pẹpẹ tàbí orí ẹsẹ̀ irin. Èkejì ni èyí tí ó ga tó ìbàdí ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àpótí rẹ̀ dá dúró lórí ilẹ̀. Títóbi àpótí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n dídára ohùn, sípíkà ńlá méjì ní pálọ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ baálé ilé tẹ nǹkan. Kò sí àbùkù nínú kí ènìyàn fi ọlá rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ etí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ojú.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé yàrá ni ó yẹ kí ó pinnu, kì í ṣe àpótí. Àti pé nínú yàrá kékeré onígun mẹ́rin ọgbọọgba, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, sípíkà ńlá lè ba ọ̀rọ̀ ìlù jẹ́ ju bí sípíkà kékeré ti lè bà á jẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé láti inú sípíkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbọ́ rárà, ìjálá àti ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó dà wọ́n kọ sínú ìwé.

2.0 Bí sípíkà kékeré ṣe dé

Ní ọdún 1925 ni Rice àti Kellogg ṣe àlàyé sípíkà olókòtó bébà ní Amẹ́ríkà, ìlànà wọn náà sì ni èyí tí ó ṣì gbilẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn wọn, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ dáadáa ní láti gbé àpótí ràgàjì wọ ilé. Èyí tí Paul Klipsch ṣe ní 1946 tóbi débi pé igun yàrá ni ó gbọ́dọ̀ wà, kí ògiri méjèèjì lè bá a ti ìró náà síwájú.

Edgar Villchur ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ní 1954. Ó dé àpótí kékeré pinpin, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ sípíríìnì fún òkòtó náà. Ìró ìsàlẹ̀ tí ó ti inú àpótí kékeré yìí jáde ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni ó ti wá. Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní 1957, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tí ó ṣe àlàyé iye tí ó ná ni. Nǹkan mẹ́ta ni ènìyàn ń fẹ́ lára sípíkà: kí àpótí rẹ̀ kéré, kí ìró rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gan-an, kí ó sì dún sókè pẹ̀lú agbára iná díẹ̀. Méjì péré ni ọwọ́ lè tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni yóò san gbèsè àwọn yòókù. Kò sí olùpolówó ọjà kan tí ó tíì rí òfin yìí dá.

3.0 Ohun tí títóbi ń fúnni

Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń fi Hertz wọ̀n. Okùn tí ó wúwo jù lára gìtá báàsì ń dún ní nǹkan bí 41 Hertz. Bí sípíkà kan bá fẹ́ gbé ìró 40 Hertz jáde kí ó sì rinlẹ̀ tó ti 80 Hertz, òkòtó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí sípíkà kékeré fi máa ń rẹ̀ nísàlẹ̀: ẹnu rẹ̀ kò gbòòrò tó, àyè tí òkòtó rẹ̀ ní láti lọ síwá sẹ́yìn kò sì tó. LS3/5A tí BBC ṣe fún iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn ìwádìí nípa rẹ̀ jáde ní 1976, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Àpótí rẹ̀ kò ju nǹkan bí lítà márùn-ún lọ. Ohùn ènìyàn ń jáde láti inú rẹ̀ bí ẹni pé olóhùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi dá ijó sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Ọ̀rọ̀ agbára iná náà wà níbẹ̀. Ká ní sípíkà kékeré kan ń mú 84 decibel wá lórí wáàtì kan ní mítà kan, tí èyí tí ó dúró nílẹ̀ ń mú 90 wá. Ìyàtọ̀ decibel mẹ́fà túmọ̀ sí pé àńpílífáyà tí yóò mú kí kékeré dún tó ńlá gbọ́dọ̀ ní agbára ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣirò yìí máa ń dẹ́rù ba olùrajà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó tún un ṣe pẹ̀lú ibi tí òun yóò jókòó sí. Ẹni tí ó jókòó ní mítà méjì àbọ̀ sí sípíkà kékeré yẹn, tí ó fún un ní 20 wáàtì, yóò rí nǹkan bí 89 decibel láti ara ẹyọ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó ka èyí tí ògiri yóò fi kún un. Ariwo tí ó lè mú kí aládùúgbò kan ilẹ̀kùn ni ìyẹn.

4.0 Yàrá

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìró tí ó wà láàrin ògiri méjì tí ó kọjú síra máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Bí gígùn ìgbì rẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì àlàfo náà, lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ yóò máa gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, ìró náà yóò sì wú, kò sì ní tètè kú. Yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ nǹkan bí mítà 3.66 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n bí ìró ti ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 47 Hertz ni ìró tí yàrá yìí yóò máa wú. Nítorí pé ìbú àti gígùn rẹ̀ dọ́gba, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń ṣe é níbi kan náà. Ó sì tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 94 Hertz. Gìtá báàsì gan-an ni ó ń rìn ní agbègbè 47 Hertz yẹn. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ kì í mu ìró ìsàlẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì sì kéré sí iṣẹ́ náà; ìró òkè ni wọ́n ń mu. Fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ wúlò jù wọ́n lọ, bí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò bá gba ibẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbé sípíkà ìdúró-nílẹ̀ wọ irú yàrá yìí, tí ó tún fẹ̀yìn rẹ̀ ti igun, ti fi owó ra gbogbo ohun tí yàrá náà yóò bàjẹ́. Sípíkà kékeré tí kò lọ sísàlẹ̀ púpọ̀ kò ní fún yàrá ní ohun tí yóò wú tó bẹ́ẹ̀. Nínú pálọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 24 sí 18, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Nǹkan bí 23 àti 31 Hertz ni ìwú àkọ́kọ́ ti gígùn àti ti ìbú rẹ̀, ìsàlẹ̀ gìtá báàsì sì ni méjèèjì wà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn sún mọ́ra, wọn kò sì kóra jọ sójú kan. Ìjókòó jìnnà sí sípíkà níbẹ̀, èrò sì lè pọ̀. Sípíkà ńlá ni ó tọ́ sí irú ibẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi kékeré ṣe àṣehàn ọgbọ́n.

5.0 Ọ̀rọ̀ ìlù

Àwọn kan lè jiyàn pé bí sípíkà kékeré kò bá lè gbé ìró ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù yóò sọnù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì dàrú. Àríyànjiyàn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tí ó wà nísàlẹ̀ 300 Hertz, bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà láàrin 100 sí 150. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ igba lórí rẹ̀ tí ó pè é ní igbá, tàbí tí ó gbọ́ ìgbà tí ó pè é ní ìgbá. Ìró kọ̀ọ̀kan máa ń ní àwọn ìró mìíràn lórí tí wọ́n jẹ́ ìlọ́po ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láti ara wọn ni etí ti ń mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. August Seebeck ti ṣe àkíyèsí èyí ní Jámánì láàrin 1840 sí 1850. Ohùn inú èdè Yorùbá kò sì dúró lórí iye Hertz kan pàtó, bí kò ṣe lórí ìbátan tí ó wà láàrin òkè, àárín àti ìsàlẹ̀.

Ohun tí sípíkà kékeré ń dín kù ni ara ìlù: bí awọ ṣe ń ti afẹ́fẹ́ bí kọ̀ǹgọ́ bá balẹ̀, èyí tí àyà máa ń gbà kí etí tó gbà á. Àdánù gidi ni, ó sì dun ẹni tí ó ti jókòó ti onílù rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlù kò sọnù. Èyí tí yàrá tí ó ń wú ń ṣe burú jù ú lọ. Ìró ìsàlẹ̀ tí ó pọ̀ jù a máa bo èyí tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ju bí ti òkè ti ń bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Nínú orin jùjú Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé, níbi tí gìtá báàsì àti gángan ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìwú báàsì tí kò tíì kú ni yóò pàdé ọ̀pá tí onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ẹni tí ó ń da irú ìlù bẹ́ẹ̀ kọ yóò máa ṣiyèméjì láàrin ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, yóò sì máa di ẹ̀bi ru onílù. Fún iṣẹ́ ìdàkọ nìkan, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí wọ́n ń fi bo etí tó, nítorí pé ó yọ yàrá kúrò nínú ọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n kò wúlò fún kíláàsì tàbí fún ẹbí.

6.0 Gbígbé e kalẹ̀

Orúkọ náà, orí pẹpẹ, ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Sípíkà kékeré kì í dún dáadáa bí wọ́n bá kì í sáàrin ìwé. Orí ẹsẹ̀ irin ni ó yẹ kí ó wà, kí ẹnu ìró òkè rẹ̀ bá etí ẹni tí ó jókòó dọ́gba, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìnnà sí ògiri díẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé e kalẹ̀ báyìí, àyè tí ó gbà nílẹ̀ kò kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gíga. Nítorí náà, ẹni tí ó rà á kí ó lè rí àyè nínú yàrá ti ṣìrò. Ní ti owó, iye kan náà tí ó ra àpótí gíga tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára lè ra kékeré tí inú rẹ̀ dára.

Bí ẹni tí ó ra kékeré bá ṣì ń fẹ́ ara ìlù, ó lè ra àpótí ìró ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní wúfà, kí ó sì fi gbogbo ìró tí ó wà nísàlẹ̀ 80 Hertz lé e lọ́wọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nítorí náà wọ́n lè máa gbé wúfà náà káàkiri títí tí báàsì yóò fi dún dọ́gba láti okùn dé okùn. Sípíkà ìdúró-nílẹ̀ kò ní irú òmìnira yìí: ibi tí ìró òkè rẹ̀ bá ti gbọ́dọ̀ wà ni ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà yóò wà, ìbáà jẹ́ ibi tí yàrá ti ń wú jù lọ.