Kalíṣè: Òkúta Funfun Abẹ́ Iyanrìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ rí. Ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀, iyanrìn lásán ni yóò rí, yóò sì máa rò pé iyanrìn náà lọ títí dé ìsàlẹ̀. Kò lọ jìnnà rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni òun ń kọ́, èmi ń kọ́ Yorùbá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ju ìwé rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Ìwọ tí o ń kọ́ Yorùbá, fi Yorùbá rẹ ṣàlàyé èyí kí n gbọ́.” Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo gba ìwé náà, n kò sì tètè sùn lóru ọjọ́ náà. N kò dé ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí rí o. Ìwé àti àwòrán ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Gúúsù ìpínlẹ̀ New Mexico ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ náà wà, ní agbègbè ìlú Las Cruces, nínú aṣálẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Chihuahua. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí 250 milimítà lọ. Ti Ìbàdàn wa níhìn-ín tó 1,200. Èyí tí ó ju ìdajì òjò wọn lọ ni ó ń rọ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ìyókù ọdún, ọ̀dá àti afẹ́fẹ́ ni.

Bí ènìyàn bá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, iyanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú ni yóò kọ́kọ́ bá. Bí a bá bù ú sọ́wọ́, yóò máa yọ́ jáde láàárín ìka. Ewé jíjẹrà kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ewéko gan-an kò pọ̀ lórí rẹ̀. Bí a ti ń gbẹ́ ẹ lọ, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkúta funfun wẹ́wẹ́. Lójijì, ọkọ́ yóò ró gbàǹgàn. Ibi tí ọkọ́ dúró sí kò tó 50 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ilẹ̀. Simona ni àwọn onímọ̀ sọ ọ̀kan nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi èdè Sípáníìṣì pe òkúta náà ní caliche. Èmi yóò máa pè é ní kalíṣè. Ó funfun, ó sì le bí ilẹ̀ tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi títí di ọjọ́ kejì, kò ní yọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kán ásíìdì díẹ̀ sí i, yóò hó yàà bí ọṣẹ.

Ta ni ó wá dà á síbẹ̀? Afẹ́fẹ́ àti òjò ni. Bí ọyẹ́ ti ń kó eruku wá bá àwa náà lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń da eruku sórí aṣálẹ̀ yìí. Nínú eruku náà ni ohun kan wà tí ó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin. N ó máa pè é ní ẹfun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú ẹfun tí a ń rà lọ́jà. Òjò yóò rọ̀, ẹfun yóò yọ́ sínú omi rẹ̀, omi yóò sì gbé e wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò náà kò lágbára tó láti gbé e lọ jìnnà. Kí ó tó lọ sísàlẹ̀ pátápátá, oòrùn àti gbòǹgbò ewéko yóò ti fa omi náà gbẹ. Omi lọ, ẹfun kù. Ẹ wo inú ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi kànga lójoojúmọ́, ẹ ó rí funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ náà nìyí, àfi pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi se ti aṣálẹ̀.

Láàárín 1957 sí 1972 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe ìwádìí ńlá kan ní agbègbè yìí. Ní 1966, Gile, Peterson àti Grossman pín bí kalíṣè ti ń dàgbà sí ìpele mẹ́rin. Ẹfun yóò kọ́kọ́ dà bí àtíkè lára òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà yóò di kókó. Lẹ́yìn náà yóò dí gbogbo ihò tí ó wà láàárín iyanrìn. Ìpele kẹrin ni ó yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí omi kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, yóò tẹ́ sílẹ̀ lórí òkúta náà, ẹfun rẹ̀ yóò sì máa gbẹ léra wọn pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ìwé. Ibi tí a bá ti bá kalíṣè, ibẹ̀ ni ó ti máa ń rẹ òjò.

Ǹjẹ́ kí ni èyí já mọ́ fún ohun tí ń hù níbẹ̀? Ó já mọ́ ikú àti ìyè. Nígbà kan rí, koríko kan tí wọ́n ń pè ní black grama ni ó bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí. Màlúù pọ̀ lórí rẹ̀ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀dá sì mú, pàápàá ti ẹ̀wádún 1950. Nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn awọnlẹ̀ ti 1858 wé ohun tí ó wà nílẹ̀ ní 1963, wọ́n rí i pé igi ẹlẹ́gùn-ún kan, mesquite, ti gba ààyè koríko lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí koríko kò sí láti di iyanrìn mú, afẹ́fẹ́ gbé e, ó wà á jọ sídìí mesquite bí ebè. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jìn, bí afẹ́fẹ́ bá gbé díẹ̀ lọ, ó ṣì ku púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò jìn ju orúnkún lọ ńkọ́? Bí iyanrìn yẹn bá lọ, òkúta ni yóò kù síta, kò sì sí ọmọ ènìyàn tí yóò dúró de òmíràn.

Níbi tí mo kà dé yìí, mo ti fẹ́ pe kalíṣè ní ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fara balẹ̀. Ó fi iṣẹ́ tí Duniway, Herrick àti Monger tẹ̀ jáde ní 2007 hàn mí. Wọ́n rí i pé òkúta náà, bí ó ti le tó un, ń mu omi, ó sì ń pa á mọ́ sínú àwọn ihò tíntìntín rẹ̀, débi pé gbòǹgbò lè rí i fà. Iyanrìn kì í lè di omi mú pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òkúta tí ó ń dènà gbòǹgbò náà ni ìkòkò omi koríko nígbà ọ̀dá. Mo fi ọ̀tá tí mo fẹ́ pè é sílẹ̀.

Ó kù kí a wá orúkọ fún un. Mo ní kí a pè é ní yangí funfun, nítorí pé yangí ni àwa mọ̀ tí ń dá ọkọ́ dúró lóko. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀. Ó ní òjò ilẹ̀ wa pọ̀ débi pé ó ti fọ ẹfun àti irú rẹ̀ dà sódò, irin ni ó ṣẹ́kù, irin náà ni ó sì le di yangí. Àpọ̀jù òjò ni ó bí tiwa, àìtó òjò ni ó bí tiwọn. Báwo ni a ó ṣe pè wọ́n ní ọmọ ìyá? Mo jiyàn títí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Ìdí nìyí tí mo fi fi kalíṣè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ láàárín ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí ọ̀rẹ́ mi tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.