Bí Nọ́ńbà Ṣe Dé Ara Ọ̀rá Omi, Tí Kò Dé Etí Kànga Òjé

Ní ọjọ́ ọjà ìtàdógún ní Òjé, ní Ìbàdàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn ahunṣọ àti àwọn alágbàtà aṣọ òkè ti máa ń kún ojú pópó. Àwọn ará Ìsẹ́yìn àti ará Ọ̀yọ́ á ti dé, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ti sùn mọ́jú. Bí oòrùn bá mú, omi ni gbogbo wọn ń wá. Ọmọ tó gbé báàfù lérí á kọjá, oníbàárà á nawọ́ pè é, á fi eyín gé etí ọ̀rá, á sì fà á mu tán lórí ìdúró. Díẹ̀ ló ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì, 50cl, àti nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ pé ó yẹ kí ẹnìkan ti lọ wo orísun omi náà, kí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà.

Wá gba kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọjà wọ agbo ilé. Kànga wà láàrin ọgbà, páànù ni ìdérí rẹ̀. Rọ́bà ìfami wà nílẹ̀, okùn rẹ̀ ká jọ sínú ẹrẹ̀ tí ewúrẹ́ àti adìyẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kàn tó fẹ́ fami á ju rọ́bà àti okùn sínú kànga, ẹrẹ̀ náà á sì bá a wọlé. Ṣálángá wà lẹ́yìn ògiri, kò jìnnà rárá. Omi yìí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, òun ni wọ́n ń bù fún ọmọ mu nígbà tí owó omi ọ̀rá kò bá sí. Kò ní nọ́ńbà kankan. Èyí kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, òfin ló là á bẹ́ẹ̀.

Odò bí Ògùnpa àti Kúdẹtì pẹ̀lú kànga ni Ìbàdàn fi ń mu omi láyé àtijọ́. Ní 1942 ni ilé iṣẹ́ omi Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀, lórí odò Ọ̀nà, tí omi ẹ̀rọ sì wọ ìgboro. Ìlú ń gbòòrò, omi kò tó, wọ́n sì tún dí odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrẹ, tí iṣẹ́ ibẹ̀ parí ní 1972. Síbẹ̀, páìpù gbó, iná ìjọba kò dúró ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹnu ẹ̀rọ sì gbẹ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò àtijọ́. Ẹni tó ní àyè gbẹ́ kànga. Ẹni tí kò ní ń rà.

Ife kan náà ni gbogbo ẹnu fi ń mu omi tútù ọjà nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi ọwọ́ so dé, kí ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá pa tó gbòde ní àwọn ọdún 1990, tí gbogbo ayé sì ń pè é ní píọ̀ wọ́tà. Àkókò tó léwu ni. Ní 1991, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Ìgbẹ́ ènìyàn tó wọ omi ni àìsàn yẹn ń bá rìn, dókítà John Snow sì ti fi èyí hàn láti 1854, nígbà tó tọpa ikú àwọn ènìyàn dé ẹnu ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 1993 ni òfin méjì jáde lábẹ́ ìjọba ológun. Òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún náà ló fi ẹsẹ̀ NAFDAC múlẹ̀. Omi tí wọ́n bá dì tà bọ́ sábẹ́ àmójútó àjọ náà, kò sì gbọdọ̀ dé ọjà láìforúkọsílẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ ò ka èyí sí. Dora Akunyili, tó gba ipò olórí NAFDAC ní 2001, ló mú kí wọ́n kà á sí. Oògùn ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ ní 1988, ó sì gbé ìbínú yẹn wọ iṣẹ́. Ní 2003, wọ́n yìnbọn lù ú nínú ọkọ̀, ọta sì gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá. Àsìkò rẹ̀ ni ìyá ọlọ́jà àti ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí wá nọ́ńbà lára nǹkan kí wọ́n tó rà á.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà ọ̀hún fún omi gbọ́dọ̀ fi hàn pé orísun omi òun jìnnà sí ṣálángá àti ààtàn, pé ilé iṣẹ́ òun mọ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ti lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Omi á gba inú asẹ́ kọjá, á gba abẹ́ iná tó ń pa kòkòrò, wọ́n á sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Pẹ̀lú bí ilé ṣe fún mọ́ra wọn ní Òjé, ní Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnká, ọ̀pọ̀ agbo ilé ni kò lè rí ibi tí kànga ilé iṣẹ́ omi á wà tí ìwé á fi jáde. Omi tí òfin ò ní gbà kí wọ́n tà ni àwọn onílé ń mu.

Èkejì nínú òfin méjì ọdún 1993, nọ́ńbà 101, ni òfin omi. Ó sọ pé ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀tọ́ ìwé ìjọba tàbí ti àbáláyé, lè lo omi abẹ́ ilẹ̀ náà fún ilé rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ agbo ilé Ìbàdàn, mógàjí ló ń ṣe olórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga, mógàjí àti àwọn àgbà ẹbí ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ìjọba. Mo fara mọ́ òfin yìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó omi abẹ́ ilẹ̀ bàbá ẹni lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n àìgba owó ló di àìbojúwò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Kì í kúkú ṣe pé kò sí ìlànà. Ní 2005, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń rí sí omi rí i pé àwọn ìlànà tó wà nílẹ̀ kò rí ìtẹ́wọ́gbà gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, ni SON, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ìlànà ọjà, bá gbé ìlànà NIS 554 jáde ní 2007, tí wọ́n tún un ṣe ní 2015. Ìlànà náà kan omi ẹ̀rọ ìjọba, omi tánkà, omi àwọn mẹ́ruwà, àní kànga tí ìdílé kan ń dá lò. Kò gbọdọ̀ sí E. coli kankan nínú 100 mílílítà omi, nítorí inú ìfun ènìyàn àti ẹran ni kòkòrò yẹn ń gbé: bí a bá rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti débẹ̀. Náítíréètì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù fún agbo ilé oníṣálángá. Ó ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wá, kì í yí àwọ̀ omi padà, sísè kì í sì í mú un kúrò. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lè mu ún kí ara rẹ̀ di búlúù, kí ó má lè mí.

Ní Oṣù Keje 2020, ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá òfin omi tuntun. Ariwo sọ nítorí ọ̀pọ̀ rí i bíi pé Àbújá fẹ́ gba odò àti etí odò lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó ta kò ó. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án, ilé náà fagi lé ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó ni omi ni wọ́n ń jà lé lórí. Bóyá omi náà dára fún mímu kò jẹ ẹnikẹ́ni lógún.

Àwọn aṣòfin ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ló máa ń gbòòrò lára táńkì. Èsì àyẹ̀wò ló yẹ kó wà níbẹ̀. Láyé àwọn wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó a máa wọ agbo ilé, á ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Wọn ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú wọn ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà Oòrùn Ìbàdàn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ náà fún wọn ní ìgò kékeré tí èròjà àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀: a bu omi kànga sí i, a gbé e síbi tó móoru fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, bó bá di dúdú, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ máa wọ kànga yẹn. Ti náítíréètì ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Kí mógàjí dúró tì wọ́n, kí wọ́n kọ èsì àti ọjọ́ rẹ̀ sára ìdérí kànga. A kò ní dí kànga nítorí èsì burúkú. Omi ìfọṣọ àti omi ìfọlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a ó máa se èyí tí a ń mu, omi ọmọ ìkókó á sì máa ti ibòmíràn wá títí wọ́n á fi gbé ṣálángá náà kúrò.