Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí Linux ṣe ń dé ibi ìpamọ́ fáìlì yunifásítì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, bí ìwé ìlànà yunifásítì yín bá dárúkọ Windows àti Mac nìkan, ẹ má mikàn. Linux náà ń wọlé síbi ìpamọ́ fáìlì wọn dáadáa.

SMB ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ sáfà ìpamọ́ fáìlì bẹ́ẹ̀ ń lò. Samba, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ kí Linux gbọ́ ọ, inú yunifásítì ló ti jáde: Andrew Tridgell kọ ọ́ láàárín ìparí 1991 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1992, nígbà tó ń kàwé ọ̀mọ̀wé ní Australian National University.

Lórí Ubuntu, ẹ ṣí Files, ẹ tẹ Ctrl+L, kí ẹ kọ smb://orúkọ-sáfà/orúkọ-fódà. Bí yunifásítì bá lo \ nínú àdírẹ́sì tí wọ́n fún yín, / ni kí ẹ fi rọ́pò \ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni àpótí Domain nínú fèrèsé ìwọlé tó máa jáde. WORKGROUP ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ èyí tí yunifásítì fún yín. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ̀nà pàápàá lè máa já sí òfo.

Tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ kọ́kọ́ tan VPN yunifásítì yín, torí àwọn yunifásítì kì í sábà ṣí pọ́ọ̀tì 445 tí SMB ń lò sí ìta.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn terminal, cifs-utils lẹ nílò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àṣẹ mount fúnra rẹ̀, torí ó máa wà nínú history. Ẹ kọ ọ́ sí fáìlì ọ̀tọ̀, kí ẹ ṣe chmod 600 fún un, kí ẹlòmíì má bàa lè kà á.